Jìtá Láàrin Fèrè Méjì

Bàbá tó kọ́ mi ní jìtá kò ní irun kan lórí, síbẹ̀ òòyà ni ó máa ń wá rà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni ó ń wá, òòyà rọ́bà kan ṣoṣo, dúdú tàbí pupa. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò bàbá mi tí mo ń bá tajà, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Irun ta ni ẹ ń yà?"

"Irun jìtá," ni bàbá náà dáhùn. Ó fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ nínú àpò, bí èékánná àtàǹpàkò. Ara òòyà tó rà tẹ́lẹ̀ ni ó ti gé e. "Èyí ni mo fi ń ta okùn rẹ̀. Ó sì máa ń tètè ṣẹ́."

Èbúté Banjul ní Gambia ni àtẹ wa wà, níbi tí fẹ́rì ti ń kó èrò kọjá sí Barra lódìkejì odò. Ìlú náà ṣì ń jẹ́ Bathurst nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti lé lọ́mọ ogún ọdún. Wọ́ṣíwọ́ṣì ni a ń tà: òòyà, dígí, abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, ojú sì máa ń tì mí gan-an. Bí oníbàárà bá fi èdè Wolof bi mí pé, "Naata la?", ìyẹn ni pé èló ni, ọjà ni mo máa ń wò tí mo bá ń dá a lóhùn. Àǹtí á ní, "Mojí, o ń ta dígí fún gbogbo ayé kí wọ́n lè rí ojú ara wọn, ìwọ nìkan ni kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni."

Páà Jọ́ọ̀jì ni gbogbo èbúté ń pe bàbá olóòyà yìí. Aku ni, ọmọ àwọn ìdílé àtijọ́ ìlú náà. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n "kúṣẹ́" ni wọ́n fi ń kí ènìyàn, bí ẹni pé wọ́n gbé e láti ilé wa. Òun a máa sọ Aku, èmi a máa sọ pijin, a sì máa ń gbọ́ ara wa. Ó ti ṣe alásè nínú ọkọ̀ òkun fún ọdún púpọ̀, àwọn atukọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ni ó sì kọ́ ọ ní búlúùsì. Orin kan ni búlúùsì tí jìtá fi ń ròyìn ìbànújẹ́ rẹ̀ títí inú ẹni tó ń gbọ́ ọ á fi dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fẹ́rì ti lọ, èbúté dákẹ́, ó gbé jìtá rẹ̀ wá láti dán òòyà tuntun wò. Orí àpótí wa ni ó jókòó sí. Òwú ni mo ń ká lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó fi parí, òwú ti tú káàkiri ilẹ̀, mi ò sì mọ̀.

"Ṣé wàá dì í mú?" ni ó bi mí.

Mo mi orí pé rárá.

"Ó fẹ́," ni Àǹtí wí. "Ohun tí kò bá fẹ́, kì í wò ó. Ẹ wo ibi tójú rẹ̀ wà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ni ó máa ń fi jìtá náà sílẹ̀ fún mi, á sì gbé e lọ sílé lálẹ́. Bí fẹ́rì bá ti fọn fèrè tó sì ṣí, kò sí oníbàárà mọ́ títí yóò fi padà. Àkókò jìtá mi nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ fèrè rẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé jìtá sẹ́yìn àpótí, màá tún ìró mi ró, màá sì bọ́ síwájú àtẹ, torí àwọn èrò Barra kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo máa ń kọjú sódò tí mo bá ń ta á, kí n má baà rí ẹni tó ń wò mí.

Ìṣísẹ̀ méjìlá ni Páà Jọ́ọ̀jì fi kọ́ mi, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀.

"Mẹ́rin àkọ́kọ́, ilé lo wà," ni ó wí. "Yà sọ́dọ̀ aládùúgbò fún méjì. Padà sílé fún méjì. Lọ sétí odò, ẹyọ kan. Bí o ti ń bọ̀, kí aládùúgbò, ẹyọ kan. Kí o wá jókòó sílé fún méjì."

"Kí ni mo lọ ṣe létí odò?"

"Ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń fò sókè. Ẹni tó bá bá ọ débẹ̀ á máa retí kí o mú òun padà sílé."

Ilé ní kọ́ọ̀dù tirẹ̀, aládùúgbò ní tirẹ̀, etí odò náà ní tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù ni kí ìka méjì tàbí mẹ́ta tẹ okùn mọ́ ọrùn jìtá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn wọn lè jáde pọ̀. Ó rọrùn láti sọ. Oṣù méjì ni mo fi ń tẹ ti etí odò tó ń dún bí ìkòkò tó fọ́. Ó tún kọ́ mi láti fi ìka ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ohùn rẹ̀ lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ bú sẹ́kún.

"Ta ló kú fún jìtá yìí?" Àǹtí á bèèrè láti ìdí àtẹ. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá a kẹ́dùn."

Ojoojúmọ́ ni Páà Jọ́ọ̀jì fẹ́ kí n máa ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Kì í bi mí bóyá mo ṣe é. Orí ìka mi ni ó máa ń fọwọ́ kàn, ibi tí okùn ti sọ di líle. Nígbà òjò kan, mo pa jìtá tì fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo ní òjò kò jẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìka náà.

"Ìka ìyàwó tuntun," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ tapólì tí a fi bo àtẹ ni mo ti ń ta jìtá bí òjò bá ń rọ̀.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, ìka tirẹ̀ ni kò ṣeé ká mọ́. Àga kan jẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó máa ń ṣeré fún àwọn àlejò òyìnbó ní hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sọ fún Lámín, olórí ẹgbẹ́ náà, pé èmi ni kó gbé àga náà fún.

"Èyí tí kì í wo èèyàn lójú?" ni Lámín wí. Ó gbà láti gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, níbi ìgbéyàwó àwọn Aku kan. Bí mi ò bá lè ṣe é, yóò mú ẹlòmíràn. Páà Jọ́ọ̀jì kò rọ̀ mí. Ó kàn gbé jìtá rẹ̀ fún mi pé kí ó máa wà lọ́dọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àga òun ni mo sọ nù.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Half Die, kò jìnnà sí èbúté. Àǹtí ti àtẹ pa, ó jókòó sẹ́yìn. Páà Jọ́ọ̀jì wà níwájú. Mo dorí kodò, ọwọ́ mi nìkan ni mo ń wò. Onílù bẹ̀rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń lọ nílẹ̀, mo gbọ́ ọ, ara mi sì ń tú. Mo dé etí odò, mo ti okùn sókè kó sunkún dáadáa.

Fèrè fẹ́rì dún.

Mi ò rò ó. Mo gbé jìtá ti àga, mo dìde, mo tún ìró mi ró, mo bọ́ síwájú, mo sì ti ké pé, "Òòyà rè é, dígí rè é," kí n tó rí i pé ìyàwó àti ọkọ ló wà níwájú mi.

Àwọn tó ń jó dúró, ìlù nìkan ló ń lọ. Nígbà náà ni ọkùnrin kan bèèrè láti àárín wọn pé, "Naata la?"

Ẹ̀rín bú sáyé. Mo gbójú sókè, mo ń wá Àǹtí kó wá gbà mí. Mo rí i lẹ́yìn lọ́hùn-ún: òun náà ti dìde dúró, ó ti gbá ìró mú, ó fẹ́ lọ pàdé èrò. A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ni mo ń wò, kò sì sí èyí tó burú nínú wọn.

Páà Jọ́ọ̀jì kò rẹ́rìn-ín. "Mojí," ni ó wí, "etí odò lo fi wá sílẹ̀ sí. Wá mú wa lọ sílé."

Onílù kò tíì dáwọ́ dúró. Mo jókòó, mo gbé jìtá, mo dúró kí ìlù rẹ̀ yí dé ibi tí mo ti dìde. Mo mú wọn ní etí odò, mo bá wọn kí aládùúgbò, mo sì mú wọn wọlé. Bí ìka mi ti kan kọ́ọ̀dù ilé báyìí, ariwo tó sọ kọjá ti ìgbà tí ìyàwó wọlé. Wọn ò jẹ́ kí n dúró mọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni a lọ tí a bọ̀, mi ò kà á.

Nígbà tí a parí, Lámín wá bá mi. "Sistá, hòtẹ́ẹ̀lì jìnnà sí èbúté. Fèrè kì í dé ibẹ̀."

"A dúpẹ́," ni Páà Jọ́ọ̀jì wí.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹrin nìyí tí mo ti ń jókòó lórí àga náà. Láàárọ̀, mo wà nídìí àtẹ. Lọ́jọ́ eré, mo máa ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ọ̀sán, mo sì máa ń wo ojú àwọn àlejò bí mo ti ń ta á. Èmi ni mo ń gé òòyà báyìí. Àǹtí ní kò sí oníbàárà tó ń run òòyà bíi tèmi, bẹ́ẹ̀ irun mi kì í fi bẹ́ẹ̀ yà.

Páà Jọ́ọ̀jì ṣì ń wá. Lánàá, ó jókòó sórí àpótí títí mo fi ta á tán, ó wá na ọwọ́. Mo gbé ìka fún un. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára.

"Ó le," ni ó wí.

Fèrè dún lójú omi. Mo gbé jìtá lé e lẹ́sẹ̀, mo tún ìró mi ró, mo sì lọ pàdé èrò.