Màrìwò Iwájú Katakata

"Ẹ jẹ́ kó mí ná." Ohun tí ọkọ àbúrò mi, mẹkáníìkì, máa ń sọ nìyẹn tí ọkọ̀ bá gbóná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Àpòmù. Á jókòó, á máa jẹ obì, kò ní fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì títí tí yóò fi tutù.

Láyé ìjọba òyìnbó, àwọn àgbẹ̀ Ìkirè ra katakata láti máa fa kòkó jáde lóko. Ìdùnnú mú kí wọ́n fi màrìwò bo gbogbo iwájú rẹ̀ fún ààbò. Olórí wọn, àgbà tí kì í gba ìwọ̀sí, ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Láti ọjọ́ náà ni katakata ti ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, wọ́n wá gbé e lọ sí Àpòmù.

Ọkọ àbúrò mi jẹ obì tán, ó bu omi sí i, kò jò. Ó bẹ̀rẹ̀ wo iwájú, ó rí i pé màrìwò ti dínà atẹ́gùn. Ó rọra tú u, ó yíjú sí olórí wọn.

"Bàbá, dírẹ́bà ló nílò ààbò yìí jù. Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi."

Katakata ò hó mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá ọkọ àbúrò mi alára dùbúlẹ̀, àwọn aládùúrà kún yàrá rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ti fèrèsé pa. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò mi dìde.

"Ẹ ṣeun o. Àwọn ọmọ ló nílò àdúrà yìí jù. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní pálọ̀."

Gbogbo wọn tẹ̀lé e. Mo ṣí fèrèsé.

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó wò mí. "Àbúrò yín ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi."