Ṣàwá Tí Kò Ní Ata: Bí A Ṣe Bọ́ Àbẹ̀kẹ́ Tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà

Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ológbò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in o! Èmi náà rín in nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sunkún ná.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní Èkó, là ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi, Bàbá Rẹ̀mí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àwọn ọmọbìnrin wa ti lọ sílé ọkọ, àwọn ọmọ yòókù ti wá iṣẹ́ lọ. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àsìkò tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí ni. Ohun tó bá ti ti ìlú òyìnbó wá, ojú la fi ń wò ó, a kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ṣé ẹ rántí?

Ológbò kan ló wá bá wa nínú ilé náà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kàn wọlé lọ́jọ́ òjò kan, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù, ó lọ jókòó sábẹ́ àga ọkọ mi. Bó ṣe di onílé nìyẹn! Ọkọ mi sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Oríkì èèyàn fún ológbò! Mo bi í pé èmi tí mò ń jẹ́ Àjọkẹ́, ìgbà wo ló kì mí gbẹ̀yìn? Ó ní kí n má bínú, pé Àbẹ̀kẹ́ kì í bá òun jà lórí iyọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Bàbá Rẹ̀mí ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ti sọ ohun tó lè jẹ fún un ní ọsibítù: àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, iyọ̀ bíńtín báyìí. Kò gbọdọ̀ jẹ bíréèdì, kò gbọdọ̀ fi ṣúgà sí ògì. Ojoojúmọ́ la máa ń ja ìjà oúnjẹ! Tí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé ẹjọ́ fún.

"Àjọkẹ́, ṣé ẹ̀wọ̀n ni mo wà ni?"

Àbẹ̀kẹ́ á wà lábẹ́ tábìlì, á máa retí tirẹ̀. Kò fi ìgbà kan jẹun nínú abọ́ tí mo rà fún un. Ohun tó bá bọ́ láti inú àwo ọkọ mi nìkan ló mọ̀ lóúnjẹ.

Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń jẹun o, àní ó ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Á mu omi inú abọ́ tán, á tún lọ mu omi tí mo fẹ́ fi fọṣọ. Ìrìn rẹ̀ yí padà. Ó wá ń fi gìgísẹ̀ ẹ̀yìn wọ́lẹ̀ bí arúgbó. Àwọn kan ládùúgbò ní ká lé e jáde, pé ológbò tó bá ń rù báyẹn, ọwọ́ ayé ló wà lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ o!

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fura. Yẹ̀pẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ máa ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, èèrà bò ó bámúbámú bí ìgbà tí wọ́n da ṣúgà síbẹ̀. Bàbá Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó wá pè mí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Àjọkẹ́, wá wò ó! Ohun tó ń ṣe mí ló ń ṣe ọmọ yìí!"

Ṣé ẹ rí i? Inú rẹ̀ dùn! Ó ti ń dá ṣàìsàn látọjọ́ yìí, ó wá rí ẹgbẹ́.

Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé ohun tí ọsibítù ní kóun máa jẹ náà ni Àbẹ̀kẹ́ máa jẹ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ṣé àìsàn kan náà kọ́ ni? Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á bu òkèlè àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, á yí i nínú ọbẹ̀, á nà án sábẹ́ tábìlì. Àbẹ̀kẹ́ á gbé e mì. Ẹ̀wà ńkọ́? Ó jẹ ẹ́! Ọjọ́ tó fún un ní omi ewúro nìkan ló sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ títí tí kò jáde.

Ìyá Sikirá, aránṣọ tó gba yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́jọ́ kan. Ó patẹ́wọ́.

"Háà, Bàbá! Ẹ ń fún ológbò ní àmàlà àtọ̀gbẹ! Tó bá tún yá, ẹ ó mú un lọ gba owó ìfẹ̀yìntì!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. Ó wojú mi. Èmi tí mo ti ń sọ pé ológbò ọkọ mi ni, kì í ṣe tèmi, omi kàn ń já bọ́ lójú mi ni!

A gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà mi, a gbé e lọ sí Sábó, lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn wa. Ó dán ìtọ̀ Àbẹ̀kẹ́ wò, ó ní òótọ́ ni, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó wá bi wá ní ohun tí à ń fún un jẹ. Ọkọ mi na ọrùn, ó ka gbogbo rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn: àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, omi ewúro.

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Bàbá, ẹ ṣeun, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò kì í ṣe èèyàn, sà."

Ó ṣàlàyé fún wa pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọra ń bá ara èèyàn lò, ẹrù ńlá ni lára ológbò. Ẹran àti ẹja ni Ọlọ́run dá mọ́ ológbò. Kí oúnjẹ náà sì lómi nínú dáadáa, torí òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́. Ó fún wa ní abẹ́rẹ́ tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó kọ́ mi bí màá ṣe máa gún un. Ó wá kìlọ̀: tí kò bá jẹun, ẹ má gún un o, abẹ́rẹ́ náà lè pa á.

Ọkọ mi béèrè pé ṣé á yè?

Dókítà ní ọwọ́ oúnjẹ ló kù sí.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ nìyẹn o! Dókítà ní agolo oúnjẹ ológbò wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ká ṣáà yẹra fún èyí tó bá ní ìyẹ̀fun, ìrẹsì tàbí ṣúgà, àti èyí tí omi ọbẹ̀ rẹ̀ bá ki. A lọ sí ọ̀kan ní Yábà. Bàbá Rẹ̀mí wọ awò ojú, ó ń ka ara agolo bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò.

"Ìyẹ̀fun! Òdo! Ìrẹsì! Òdo! Èyí fi ṣúgà sí i, ẹ lé e jáde ní kíláàsì!"

Àwọn èèyàn ń wò wá! Ẹyọ kan péré ló yege. Ìgbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, mo di pẹpẹ ọjà mú. Agolo kékeré yẹn gbówó ju ìkòkò ọbẹ̀ wa lọ! A rà á ṣá. A délé, mo bù ú sínú abọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú, ó padà sábẹ́ tábìlì. Ọkàn mi bàjẹ́.

Ọkọ mi ní ẹja inú agolo tí àwa èèyàn ń jẹ ńkọ́? Mo gbé ọ̀kan wá, òun fúnra rẹ̀ kà á: tòmátò, iyọ̀, ṣúgà. Òdo!

Mo wá gba ìtòsí Ojú Ẹlẹ́gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì tí à ń pè ní òkú Èkó. Ṣàwá ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Mo ra ẹ̀dọ̀ adìẹ díẹ̀ àti ọkàn adìẹ mọ́ ọn, torí Dókítà ní ẹja nìkan kò tó. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, àlùbọ́sà gan-an ni kò gbọdọ̀ kàn án rárá, torí májèlé ni fún ológbò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wí fún mi, ṣé ẹ ti se ẹja láìsí àlùbọ́sà rí? Ọwọ́ mi ti gé e sórí pákó kí orí mi tó rántí! Mo kó o dànù, mo fọ ọ̀bẹ.

Ìyá Sikirá gbóòórùn ẹja náà láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ìyá Rẹ̀mí, ṣé kò sí o? Ta ló ṣẹ̀ yín tí ẹ ń se irú nǹkan báyìí?"

Mo yọ gbogbo egungun rẹ̀, mo fi omi ẹja náà pò ó pọ̀. Ó rọ̀, ó lómi. Mo gbé e síwájú Àbẹ̀kẹ́. Ó fimú kàn án, ó tún yíjú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni? Kò jẹun láàárọ̀, kò jẹun lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, n kò lè gún un. Ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ àga, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ ọkọ mi fún un. Bí àwo ṣe kan tábìlì, Àbẹ̀kẹ́ gbórí sókè. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó wojú rẹ̀, ó ké. Bàbá Rẹ̀mí wo àmàlà, ó wo ológbò. Ó ti àmàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àjọkẹ́, bu ẹja yẹn sínú àwo tèmi."

Mo ní kò níyọ̀ o, kò láta o.

"Bù ú, mo ní!"

Mo bù ú. Ó fi ọwọ́ mú ẹja náà, ó jù ú sẹ́nu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ojú ọkùnrin yẹn! Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ òwú. Ó rọ́jú gbé e mì, ó wá sọ sókè pé ó mà dùn o! Irọ́ gbuu! Ojú Àbẹ̀kẹ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tún jẹ ìkejì. Lẹ́yìn náà ló wá na díẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

A kàn ń gbọ́ ṣàpṣàp, ṣàpṣàp lábẹ́ tábìlì ni!

Ìgbà yẹn ló yé mi. Oúnjẹ òyìnbó tó wọ́n gògò yẹn, báwo ni ọkọ mi ṣe fẹ́ bá a jẹ ẹ́? Oúnjẹ tí èèyàn lè bá a jẹ ni Àbẹ̀kẹ́ máa jẹ. Ṣàwá nìyẹn!

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti alẹ́, ṣàwá ló ń kọ́kọ́ wọ àwo Bàbá Rẹ̀mí kí oúnjẹ rẹ̀ mìíràn tó dé. Òun tó ti ń bá mi jà lórí iyọ̀ láti ọdún yìí wá, kò jà mọ́. Tí mo bá béèrè pé ṣé kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí tirẹ̀, á fọwọ́ bo àwo, á ní Àbẹ̀kẹ́ á mọ̀. Ìyá Sikirá ní òun ò mọ ẹni tó jẹ́ ìyàwó nínú èmi àti Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Mo ní òun nìkan kọ́!

Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dín abẹ́rẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀. Irun Àbẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò tíì balẹ̀ tán, torí ó ṣì ń rọra rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

Ọjọ́ Sátidé kan, a ń sinmi ní páálọ̀ nígbà tá a gbọ́ igbe Ìyá Sikirá láti ẹ̀yìnkùlé.

"Olè! Ẹ gbà mí o! Ológbò yín ti gbé ẹja mi lọ!"

A sáré jáde. Orí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ògiri tó ga ju èmi lọ, ni Àbẹ̀kẹ́ dúró sí, ó gbé odindi ẹja dídín sẹ́nu, ìrù rẹ̀ nà gbọọrọ. Mo rò pé ọkọ mi máa tọrọ àforíjì. Ó patẹ́wọ́!

"Ó fò! Àjọkẹ́, ó fò! Àbẹ̀kẹ́ mi ti jalè!"

Ìyá Sikirá wò wá bíi pé orí wa dàrú. Ó gbé ṣíbí tó fi ń dín ẹja sókè láti bínú, ó tún wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ológbò náà lórí ògiri gíga yẹn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ó ti ń jó! Ó ní kó máa jẹ ẹja òun lọ, olè tó sunwọ̀n ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, à ń jó fún olè, àfi ìgbà tí Bàbá Rẹ̀mí dá dúró lójijì, ó bojú wẹ̀yìn:

"Ìyá Sikirá, ẹja yẹn… ṣé ẹ fi àlùbọ́sà sí i?"

Ni Ìyá Sikirá bá gbá ìró rẹ̀ mú, ó ń lé Àbẹ̀kẹ́ lọ kó lè gba ẹja náà lẹ́nu rẹ̀!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ. Ohun tó wo ìwọ sàn, má fi bọ́ ẹlòmíràn kó o tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Má sì rò pé oúnjẹ tó wọ́n jù ló dára jù. Wá èyí tí apá rẹ ká, tó bá ara aláìsàn mu, kó o sì jókòó tì í kó tó jẹ ẹ́. Àìsàn ẹnì kan nínú ilé, gbogbo ilé ló máa ń kàn.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ta ló ti tọ́jú ẹran ọ̀sìn tó ní ìtọ̀ ṣúgà rí? Kí lẹ fi bọ́ ọ? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì sin nǹkan kan, tiyín rọrùn: ta lẹ ti bá jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀ rí, tí ẹ purọ́ fún un pé ó dùn?