Ìyá Ramanou àti Ọkọ̀ Ìjọba

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Ramanou, kó fọwọ́ kan okùn ẹran rẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Ojú mi ló ṣe nígbà tó lé ọlọ́kadà kan láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ojú títì, nítorí pé ọ̀gbẹ́ni náà fi táyà gun okùn ìyá àgùntàn kan, kò sì bẹ̀bẹ̀. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ni o! Ọlọ́kadà yẹn kò gba àdúgbò wa kọjá mọ́.

Idayatou ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Alápatà ni bàbá náà, ní Àjàṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀sà níbí. Àwọn ẹran tí wọ́n bá fà wá láti ọjà Adjarra, Idayatou ló ń fún wọn lómi nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọ̀bẹ. Ó sọ fún mi pé òun bi bàbá òun lọ́jọ́ kan pé kí ni ẹran tó máa kú láàárọ̀ ọ̀la fẹ́ fi omi ṣe. Bàbá fọ́ ọ létí. Ó ní, “Ọ̀bẹ ni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún mi. Kò yọ̀ǹda òùngbẹ.” Bí ó bá ti ń sọ ọ́, á máa fọwọ́ pa etí náà bíi pé ó ṣì ń dùn ún.

Káfíńtà ló fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti rọjú, ibẹ̀ náà ni ọkọ tèmi sì kọ́lé sí nígbà tó yá. Káfíńtà ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Ramanou, àkọ́bí wọn, wà ní Libreville lókèèrè, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ohun tí ìyá ń ṣe jẹun ni kó máa sin ẹran.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sin ẹran. Ẹni tó ní abo àgùntàn, tí kò sì ní àyè, á fà á wá fún ọ. Tó bá bí àkọ́kọ́, ti olówó rẹ̀ ni. Tó bá bí èkejì, tìrẹ tó ń sìn ín. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, ẹnu lásán ni. Bí ẹran bá kú lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ fi han olówó rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bí kò bá sí òkú láti fi hàn, o ti tà á nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹran fún ọ mọ́ láyé. Ní agbolé Ìyá Ramanou, ẹran ìyàwó Lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ti Françoise ọmọ Àgùdà tó ń lọ sí Kátólíìkì wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, ọ̀kan tó funfun tí ìwà rẹ̀ kò funfun rárá.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tó ṣe sí mínísítà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ ìjọba kọ́kọ́ ṣe sí i.

Ọdọọdún ni odò Wẹmẹ máa ń kún, tí ọ̀sà á sì wọlé wá kí wa. A kì í sá. A máa ń to bíríkì, a ó gbé ibùsùn lé e, a ó sì gbé ìkòkò lé ibùsùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn, omi náà kò kí wa, ó wá jókòó ni. Ìjọba wá fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ló wà nínú rẹ̀, Mathias, ọmọ ẹ̀yà Gun kan tó gbọ́ èdè Nàgó wa dáadáa, sì ni ọ̀gá wọn. Èmi àti àwọn ọmọ mi ti wọ inú rẹ̀ jókòó nígbà tí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ramanou.

“Mọ́mọ̀, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀,” Mathias wí.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?” Ó nawọ́ sí àwọn àgùntàn tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Ènìyàn nìkan ni wọ́n ní ká kó.”

“Àwọn olówó wọn náà ènìyàn ni. Wọ́n á bi mí. Kí ni kí n fi hàn wọ́n? Omi?”

Mathias bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ sọ pé mo yọ̀ǹda tèmi fún omi. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé nígbà tí mo fà á wá, òun kò gbà á lọ́wọ́ mi kí òun lè fi bọ ọ̀sà. Ó wá kó gbogbo ẹran náà sórí ibùsùn tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un nígbà ìgbéyàwó wọn. Òun dúró nínú omi tó dé orúnkún, ó di okùn wọn mú. Mathias yà á ní fóòtò, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ má baà sọ pé òun ló gbàgbé ẹnì kan. Nínú fóòtò yẹn, bí ìyá ṣe ń wo fóònù, ẹ ó rò pé ó fẹ́ gbá a létí.

Nígbà tí omi fà, ikọ́ mú un títí di Iléyá. Ṣùgbọ́n olówó kọ̀ọ̀kan wá, ó sì rí ẹran rẹ̀ lóòyẹ̀.

Fóòtò yẹn ló gbé mínísítà wá. Gbogbo ènìyàn ló ti rí i lórí fóònù wọn, mínísítà tó ń rí sí oko àti ẹran ọ̀sìn náà rí i. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti kọ́ ọgbà ẹran ńlá kan sórí òkè ní Akpro-Missérété. Wọ́n ní bí omi bá fẹ́ dé, ibẹ̀ ni gbogbo ẹran ìsàlẹ̀ ọ̀sà máa wà. Mathias ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún Ìyá Ramanou.

“Ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fa ẹran àkọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ ìṣílé, lójú mínísítà.”

“Tí mi ò bá fẹ́ ńkọ́?”

Mathias wo ilẹ̀. “Ẹni tí kò bá sí nínú ètò náà, Mọ́mọ̀, kò ní láǹfààní láti sin ẹran nísàlẹ̀ níbí mọ́. Wọ́n á wá kó wọn.”

“Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé,” ìyá wí. “Kí wọ́n wá kó wọn wò.” Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń tún okùn wọn so lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kó ẹran náà lọ, kí ló kù fún un? Fóònù ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Ó ní òun máa lọ fojú òun rí ọgbà náà kí òun tó dáhùn.

Mo sìn ín lọ. Wọ́n ta àgọ́, wọ́n to àga, wọ́n kó páálí omi inú ike sábẹ́ tábìlì àwọn èèyàn ńlá. Àwọn àgùntàn, tí wọ́n yá láti abúlé tó wà nítòsí, ni wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀, wọ́n so rẹ́bọ́nnì mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n wá so wọ́n mọ́ òpó lórí sìmẹ́ǹtì tí oòrùn ń yan. Mínísítà kò tètè dé. Oòrùn kò dúró dè é. Ìyá àgùntàn kan la ẹnu sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ ti yọ.

“Mathias, fún wọn lómi,” Ìyá Ramanou wí.

“Tí mínísítà bá ti kọjá, Mọ́mọ̀. Wọ́n ní kí ilẹ̀ má tutù, kí bàtà rẹ̀ má baà dọ̀tí.”

Háà! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìyá dìde, ó fún ìró rẹ̀ dáadáa, ó rìn kọjá níwájú gbogbo àga yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Àwọn èèyàn ń pariwo. Ẹnì kan ń fọn fèrè. Mathias sáré tẹ̀ lé e.

“Mọ́mọ̀, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“Tí wọ́n bá lé ọ, wàá rí òmíràn. Eléyìí ò ní ẹ̀mí méjì.”

Ó kó wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan. Ó padà wá, ó gbé páálí omi kan lábẹ́ tábìlì àwọn èèyàn ńlá, ó kó àwọn abọ́ tí wọ́n fẹ́ fi bu ìrẹsì fún àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ike omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá a ṣí i. Inú mi dùn dé góńgó, mi ò sì lè parọ́, ẹ̀rù ń bà mí.

Bí mínísítà ṣe dé nìyẹn, tó bá ọgbà tó ṣófo. Wọ́n tọ́ka igi fún un. Ó rìn wá, àwọn oníkámẹ́rà tẹ̀ lé e. Nàgó ni ìyá tó bí i, nítorí náà kò nílò ògbufọ̀.

“Ẹ kú ìdúró o, màmá. Ta ló tú àwọn ẹran mi?”

“Èmi ni. Tiyín ni wọ́n? Ẹni tó ni ẹran kì í fi òùngbẹ pa á. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ omi, ẹ wá so wọ́n mọ́ iná.”

Mínísítà wo àgùntàn tó ń mu omi nínú abọ́ ìrẹsì, ó wo ike omi lọ́wọ́ mi, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá.

“Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, màmá?”

“Ọgbà yín dára, tẹ́ ẹ bá fi ìbòòji sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran mi kò ní ìyẹ́ tí wọ́n máa fi fò débí. Ọkọ̀ tó wá lọ́jọ́sí, ènìyàn nìkan ló ń kó. Mo fẹ́ ọkọ̀ tó ń kó ẹran.”

Mínísítà dìde, ó kọjú sí kámẹ́rà. “Ọkọ̀ máa kó ẹran. Mo ti sọ ọ́.”

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá Ramanou kò pàtẹ́wọ́. Ó ní ó dìgbà tí òun bá rí i.

Lọ́dún tó kọjá, omi tún wá jókòó. Ó ti dé agbedeméjì ojúgun wa nígbà tí a gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Mathias ni, wọn kò lé e, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti di tuntun. Ọkọ̀ náà fẹ̀, wọ́n tẹ́ koríko sínú rẹ̀, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà tí ẹran á gbà gùn ún. Ìyá Ramanou wò ó títí. Mo rí i tó fi etí ìró nu ojú. Ó kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n lórúkọ olówó wọn: ti Françoise, ti ìyàwó Lémọ́ọ̀mù, ti Kamilath, ìyẹn tèmi. Mathias ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ìyá ká aṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó.

Mathias nawọ́. “Mọ́mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ọkọ̀ ẹran nìyí. Ti ènìyàn ń bọ̀.”

“Nígbà wo?”

“Bóyá lọ́la. Mínísítà mìíràn ló ni ti ènìyàn.”

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, àbíkẹ́yìn mi wà léjìká mi, àwọn yòókù di aṣọ mi mú. Ìyá Ramanou wo Mathias láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gùn ún wọlé, ó sì jókòó sórí koríko láàárín àwọn àgùntàn.

“Mọ́mọ̀, wọ́n máa bi mí ní iye tí mo kó.”

“Mélòó lo kà?”

“Mọ́kànlá.”

“Ó di méjìlá. Sọ fún mínísítà rẹ pé ọ̀kan wà nínú wọn tó ń sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí mi. “Kamilath, kí lo dúró ń wò? Ṣé ìwọ kì í ṣe àgùntàn ni?”

Mo gbé àbíkẹ́yìn mi lé e lọ́wọ́, mo ti àwọn yòókù síwájú, mo ká ìró mi sókè, mo gun pákó náà. Mathias tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.