Ẹ̀wù Baba Ẹja Kò Wu Ọ̀gá Àgbà

Baba Ẹja ti kú. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi ìsédò tó ń fún wa níná nígbà tí òun wà lábẹ́ omi, omi sì fà á mọ́ asẹ́ irin tó ń nù lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ní “àṣìṣe òṣìṣẹ́” ni. Òṣìṣẹ́ wo? Òkú?

Òmùwẹ̀ ni. Òun ló ń kó koríko àti igi kúrò lára asẹ́, kí omi lè ráyè dé ibi ẹ̀rọ. Kó tó wọmi, á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á gbé e kọ́ sára ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀wù bá wà níbẹ̀, èèyàn ń bẹ lómi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀wù fi ṣe iṣẹ́ àgádágodo! Àgádágodo tí ì bá máa ti ọwọ́ irin náà pa kúkú wà nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ìsédò yẹn, mo fojú ara mi rí i. Wọ́n fò ó nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Òkúta dídán tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀gá sí ńkọ́? Wọn ò gbàgbé ìyẹn o.

Òdìkejì ògiri yàrá mi ló ń gbé. Omi ti ba etí rẹ̀ jẹ́, á wá ṣí rédíò sókè débi pé èmi ò ra tèmi rí. Mo máa ń bú u, á máa rẹ́rìn-ín. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Lọ́jọ́ náà, àlejò ńlá ń bọ̀. Wọ́n ti mú ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi lọ sẹ́nu géètì kó lọ tò pẹ̀lú àwọn tó ń kí àlejò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn omi sọ fún mi pé ọ̀gá àgbà wo ẹ̀wù, ó yínmú: “Ta ló sá àkísà síbí? A fẹ́ ya fọ́tò!” Ó yọ ọ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kí àlejò lè rí bí omi ṣe ń hó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

“Wọ́n ní kí n wá gba ẹ̀wù ọkọ mi,” ìyàwó Baba Ẹja wí. “Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́.”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀tótó!

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àbúrò Baba Ẹja, òmùwẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, ni wọ́n ní kó wọmi. Àgádágodo ò tíì sí. Mo bi ọ̀gá àgbà, ó ní, “A ti ń ṣètò ẹ̀.” Ètò rádaràda!

Kí ọ̀gá àgbà lọ sọ níwájú adájọ́ pé òun lòun yọ ẹ̀wù, òun lòun ṣí ilẹ̀kùn. Kí àgádágodo wà níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn òmùwẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọ̀gá àgbà bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀, kó wọmi fúnra rẹ̀.