Itọ́ Ìyá Ọkọ Mwanakombo

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Mwanakombo Shee ní aláfojúdi ládùúgbò wa nílùú Mombasa, èmi Saumu ni kí ẹ wá bi. Mo ń ta tambuu, ewé àjẹtu tó máa ń pọ́n itọ́ èèyàn, lẹ́nu kọ̀rọ̀ tí ilé rẹ̀ wà, mo sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọlé Swaleh. Mo mọ ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu àgbàlagbà. Àṣírí òkú wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì fẹ́ tú u. Kí òkú dárí jì mí. Alààyè ni wọ́n ń sọ lókò, ó sì ti sú mi.

Òdìkejì omi, ní Mtongwe, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ máa ń dí ihò ara ọkọ̀ ojú omi. Kò kàwé lọ títí, àmọ́ orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Hamadi, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ibà ẹ̀fọn fi mú un lọ. Kì í ṣe ibà lásán o, èyí tí a ń pè ní kidingapopo ni, tó ń fọ́ eegun èèyàn bí ẹni pé wọ́n gún un lódó. Wọ́n ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ wá iṣan lára ọmọ kékeré yẹn, ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà ló sì dì í mú fún wọn. Kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dé, a ti sin Hamadi. Mwanakombo kì í sọ̀rọ̀ ikú yẹn púpọ̀. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé òun lòun dì í mú.

Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́dún tí òjò pọ̀ lápọ̀jù yẹn, tí àwọn elétò ìlera wá sọ pé àyẹ̀wò tuntun dé tí kò fẹ́ abẹ́rẹ́, pé itọ́ lásán ló fẹ́, àwọn sì ń wá ẹni tí yóò máa gbé e kiri ojúlé, Mwanakombo ti dìde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fún un ní àpò kan, àwọn ife kéékèèké, àti àwọn igi pẹlẹbẹ funfun tí kò ju ìka lọ. Ẹni tó ń ṣàìsàn á tutọ́ sínú ife, wọ́n á ki igi náà bọ̀ ọ́, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìlà méjì bá yọ, kidingapopo ni. Bó bá jẹ́ ìlà kan, kì í ṣe òun. Òfin kan ló wà níbẹ̀: fún ìdajì wákàtí ṣáájú, ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ẹnu, omi pàápàá. Èsì náà ò gbọdọ̀ ṣìnà, torí ẹni tó bá ní kidingapopo ò gbọdọ̀ lo àwọn oògùn ìrora kan. Tó bá lò ó, ẹ̀jẹ̀ á máa ya lára rẹ̀.

Ó yẹ ìdajì àdúgbò wa wò. Àwọn ọmọdé ń bá ara wọn díje pé itọ́ ta ló pọ̀ jù. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ó wá ha itọ́ tambuu tó ti pọ́n ògiri mi, yóò kún ọgọ́rùn-ún ife. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹfun tí mò ń rẹ́ sínú ewé tambuu yẹn, á kàn ba àyẹ̀wò jẹ́ ni, á ní kò sí níbi tó wà. Mo gbọ́ ọ. Etí méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Ààwẹ̀ wọlé. Ọjọ́ kejìlá ààwẹ̀ ni ibà dá ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, Bi Mwanasiti, bí a ti ń fi “Bi” pe àgbà obìnrin. Ẹ ò mọ Bi Mwanasiti. Obìnrin tí kò jẹ́ kí ìyàwó ilé rí inú ẹnu òun ni wọ́n. Bí Mwanakombo bá gbé oúnjẹ fún wọn, á kẹ́yìn sí wọn jáde. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń gba ààwẹ̀, gbogbo ọjà ló sì mọ̀, torí wọn kì í jẹ́ ká gbàgbé. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun, wọ́n ní Ọlọ́run ò bá àwọn sọ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ojú wọn ti pọ́n, oríkèé ara wọn ń ro wọ́n débi pé wọn ò lè ká ọwọ́. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi, wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn, ẹnu àwọn korò bí ewúro, ṣé mi ò lè wá nǹkan díẹ̀ fún àwọn. Lọ́sàn-án ààwẹ̀! Kí ni ǹ bá ṣe? Àgbà ló bẹ̀ mí. Mo sáré lọ sílé, mo wé tambuu kan tó lẹ́fun dáadáa bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, mo fi pépà ìwé ọmọ iléèwé dì í bí mo ti máa ń ṣe, mo fi ìborùn bò ó wọlé. Wọ́n fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pẹ́ tí Mwanakombo fi dé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n fi dí ibùsùn wọn, ó na ife kékeré náà sí mi lábẹ́ aṣọ, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tutọ́ síbẹ̀.” Mò ń retí kí ó béèrè bóyá nǹkan kan ẹnu wọn. Kò béèrè. Ìyàwó wo ló máa bi ìyá ọkọ rẹ̀, irú Bi Mwanasiti, lọ́sàn-án ààwẹ̀, pé kí lẹ jẹ? Ó sì dá a lójú pé ẹnu wọn ṣófo.

Bi Mwanasiti tu tambuu sínú àkísà, wọ́n fi omi àlùwàlá fọ ẹnu wọn títí kò fi pọ́n mọ́, wọ́n sì tutọ́. Wọ́n wò mí. Mo wojú ilẹ̀. Mo gbé ife náà fún Mwanakombo.

Ìlà kan ló yọ. Ó dúpẹ́ dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Swaleh ra oògùn ìrora alágbára bọ̀, kí màmá lè sùn. Lẹ́yìn ìṣínu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń sun jáde ní èrìgì wọn. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò, kidingapopo ni. Wọ́n kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, bí a ṣe kí ìrun Aasari tán.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ṣe obìnrin yẹn. Àwọn ọmọ ìyá Swaleh ní ó fi ìṣeré itọ́ pa ìyá àwọn. Swaleh kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́rin ni kò fi jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣínu, mo wà láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, mò ń jẹ mahamri tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dín, mò ń mi orí. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ta ló máa ra tambuu lọ́wọ́ ẹni tó gbé e fún aláàwẹ̀, tó sì fi pa á?

Lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀ yẹn, Mwanakombo gbé àpò rẹ̀ jáde padà. Tọ́ọ̀ṣì ti kún un. Tọmọdé tàgbà, á ní, “Ẹ ya ẹnu.” Á tan iná síbẹ̀, á wo abẹ́ ahọ́n, á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Imáámù tiẹ̀ lé e jáde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkùnrin náà fi ya ẹnu. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àfojúdi.

Òjò tó kọjá yìí, ibà náà kàn mí. Mwanakombo wọlé, ó ní kí n ya ẹnu. Mo yà á. Iná tọ́ọ̀ṣì yẹn wọ inú ọ̀fun mi, ẹkún sì gbé mi.

Mo ní, “Mwanakombo, èmi ni mo gbé tambuu fún wọn lọ́jọ́ yẹn.”

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. “Mo mọ̀, Bi Saumu. Nígbà tí mo ń ká ibùsùn wọn, mo rí pépà yín lábẹ́ ìrọ̀rí.”

“O mọ̀? Wọ́n ń pè ọ́ ní apànìyàn, o mọ̀, o ò sọ?”

“Tí mo bá sọ, àwọn èèyàn á ní màmá jẹ nǹkan lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ààwẹ̀, Bi Saumu. Ẹ̀mí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣé kí n tún wá gba ìyẹn náà?” Ó yọ ife kékeré kan jáde. “Èmi ló yẹ kí n béèrè, mi ò béèrè. Ẹ tutọ́.”

Mo gbìyànjú. Ẹnu mi ti gbẹ, itọ́ ò wá. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó di ife náà mú sábẹ́ ètè mi, ó ń dúró.