Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Oko

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́, igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ọ̀kà ni mo ti ń dáko. Ìjọba ló ni ilẹ̀ náà. Wọ́n fún wa láyè láti máa gbin oúnjẹ sáàárín igi gẹdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Fúlàní kan tún ń da màlúù níbẹ̀, àwa àti òun sì ti mọwọ́ ara wa. Màrìwò tí a bá so sẹ́nu ọ̀nà oko ń sọ fún un pé irè ṣì wà nílẹ̀. Bí a bá kórè tán, a ó já a, yóò kó màlúù wọlé wá jẹ pòròpórò àgbàdo, ìgbẹ́ wọn a sì di ajílẹ̀ fún wa. Kò sí ìjà.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi opó kan sọ́wọ́ mi kí n kọ́ ọ lóko. Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ra ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tó gbìn. Ẹ̀gẹ́ yẹn ló fẹ́ fi dá ọmọ rẹ̀ padà sílé ìwé. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi, ọ̀nà kan náà la ń gbà. Lọ́jọ́ tó gé màrìwò tirẹ̀ wá, mo fi í rẹ́rìn-ín.

"Olóko tuntun, sọ ìyẹn nù. Tèmi tó àwa méjèèjì."

Àrùn tíṣà kì í tán lára.

Nígbà tí mo kórè àgbàdo mi tán, mo já màrìwò. Mo gbàgbé obìnrin náà pátápátá.

Nígbà tí a fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, màlúù ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n ti tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Èyí tó ta nínú ilẹ̀ kò tíì ju ìka ọwọ́ lọ. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, kò sunkún.

Àwọn olóko yòókù mú darandaran náà. Èmi ló ń wò.

"Bàbá, màrìwò ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tí ò bá ti sí, kí n wọlé."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ojú tì mí.

"N ò mọ ẹni tó já a," ni mo wí.

Wọ́n lù ú, wọ́n lé òun àtìyàwó rẹ̀ kúrò nínú igbó. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kò gba ìgbájú kankan.

Obìnrin náà ti padà sílé rẹ̀ ní Ìwàrò, aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò padà sílé ìwé. Bí a bá pàdé lọ́nà, ó ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gbìyànjú lórí mi. Ọlọ́run á bi ẹni tó ṣe mí báyìí léèrè."

Èmi náà a sì ṣe àmín.