Etí Àrìmíyàù Mẹkáníìkì

Bí ẹ bá dé Koumassi Remblais ní Abidjan tí ẹ béèrè olóògbé Àrìmíyàù mẹkáníìkì, ìtàn òkú inú gbákà, mọ́tò akérò ibẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Irin ni ọkùnrin náà gbé dání lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pá irin tí wọ́n ń pè ní arbre à cames, tó máa ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn kókó ara rẹ̀ sì máa ń ti fáàfù ṣí. Joël, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ní Anoumabo, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tún àwọn kókó náà ṣe, ó sì kìlọ̀ pé nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ ha wọ́n. Ni Àrìmíyàù bá fi aṣọ funfun tuntun tí Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ rà sórí bẹ́ẹ̀dì wé irin náà dáadáa, ó gbé e lé itan nínú gbákà, ó sì fajú ro.

Àwọn èrò wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ohun funfun orí itan rẹ̀, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní yako, pé ó kú ìrọ́jú. Ìyá kan ti ń nu ojú. Àgbàlagbà kan tẹ́wọ́ àdúrà, gbogbo mọ́tò ṣe àmín, Àrìmíyàù náà sì ṣe é, torí ó ní àdúrà kì í pọ̀ jù. Ìgbà tó yá, ìyá yẹn béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni.

"Ó ti lé ní quarante ans, ogójì ọdún, ìyá. Wọn ò fún un lépo tó ni. Ṣùgbọ́n Joël ti bá mi lọ̀ ọ́ dáadáa, ọjọ́ Ajé, lundi, ló máa padà sẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Títí ó fi kú, ó ní òun fúnra òun lòun bọ́ sílẹ̀.

Sàdíátù kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, torí ilé rẹ̀ gan-an ló wà lórí itan ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò Marcel ló dá a sílẹ̀. Marcel, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Bingerville, ní mọ́tò pupa kan tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ìjókòó méjì péré, ti ayé àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún tá-tá-tá, kò sì lè gun òkè mọ́. Àrìmíyàù sì rèé, ẹni tó máa ń fọ́nnu pé etí lásán lòun fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Á tẹ́tí, á dijú, á ní kí àwọn tó dúró tì í má mí. Ó gbọ́ ti Marcel tán, ó ní fáàfù ló fẹ́ ìdè díẹ̀. Ó dè é, ó ń dún. Ó tún un dè, ó ń dún. Ó dá epo lẹ́bi, ó dá ọ̀nà Bingerville lẹ́bi, díẹ̀ ló kù kó dá ìyàwó Marcel lẹ́bi. Nígbà tí Tàjùdíìnì, mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀, wá ń sọ kiri pé etí ọ̀gá ti di, Àrìmíyàù dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lójú gbogbo jàmáà, ó fi Ọlọ́run búra pé bí ẹ́ńjìnnì yẹn kò bá dákẹ́, òun á kó ẹrù òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Treichville ni wọ́n bí Sàdíátù sí. Ibẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, Abidjan sì ni gbogbo ọmọ rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, wọ́n sì fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi padà. Ó sì mọ irú ẹni tóun fẹ́, ọkùnrin tó lè fi ọbẹ̀ gbígbóná bó ara rẹ̀ lẹ́nu torí pé ó ti sọ pé kò gbóná.

"Bàbá Bàsìt, ṣé torí irin Marcel lẹ ṣe fẹ́ mú mi kúrò nílé mi?"

"Mo ti búra, Ìyá Bàsìt. C'est fini, ó parí."

Ìgbà yẹn ló tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Méjì nínú àwọn kókó náà ti jẹ bí ọṣẹ, lẹ́búlẹ́bú irin ń dán nínú epo, ìdọ̀tí sì ti dí ihò tí epo máa ń gbà dé ibẹ̀. Ó la ihò náà, ó sì gbé ọ̀pá irin lọ sọ́dọ̀ Joël. Joël ní kó pààrọ̀ àwọn irin kéékèèké tó máa ń gun orí kókó náà pẹ̀lú, torí ojú wọn ti jin, wọ́n á sì tún jẹ kókó tuntun. Àrìmíyàù kọ̀, ó ní irin tóun ti fọwọ́ kàn, tóun ní ó dára, dára. Orí ìjà yẹn ló wà tó fi fajú ro nínú gbákà.

Lọ́jọ́ lundi, àdúgbò pé, Tàjùdíìnì ló wà níwájú. Àrìmíyàù ṣáná, ó tẹ iná mọ́ ọn gan-an bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe fún kókó tuntun, títí èéfín fi bo òpópónà. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Lábẹ́ ìrọ̀rùn náà, ohun kan ń dún tá, tá, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Sàdíátù gbọ́ ọ, ó rántí ìbúra. Àrìmíyàù tẹ́tí, ó dijú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti dákẹ́," ló wí.

Tàjùdíìnì béèrè bóyá lóòótọ́ ni kò gbọ́ nǹkan kan. Àrìmíyàù ní kí ló ń dún. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Adití. Àwọn ọmọdé á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti wò ó bóyá á yíjú. Ẹni tó máa ń bá gbogbo ayé jà kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Sàdíátù náà bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún etí tó di lásìkò. Marcel ní tiẹ̀ ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ó ní lọ́jọ́ orí òun, kò sí ohun tí kì í dún.

Nígbà àìsàn tó pa Àrìmíyàù, ó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ padé. Ó ní Marcel ń bọ̀. Sàdíátù tẹ́tí, ariwo ọmọdé nìkan ló gbọ́. Ó ṣe díẹ̀ kí mọ́tò pupa náà tó yọ ní kọ́nà.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Sílíńdà kẹta nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dún."

Sàdíátù sún mọ́ ọn. "Ìbúra yín wá ńkọ́?"

"Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fi san ìtanràn rẹ̀. Ìwọ rò nígbà yẹn pé inú ló ń run mí." Ó mí. "Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí ọ jù, Ìyá Bàsìt. Lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò."

Sàdíátù ti máa ń rò pé kò sí ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn láyé tó etí rẹ̀.

Níbi fídáù rẹ̀, Tàjùdíìnì sọ ìtàn Adití, jàmáà rẹ́rìn-ín, Sàdíátù náà rẹ́rìn-ín láàrin àwọn obìnrin. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní ọkọ òun gbọ́ ìró náà lọ́jọ́ yẹn, torí tòun ló ṣe ní kò sí ohun tó ń dún. Tàjùdíìnì ṣí fìlà.

"Ẹ pè é ní òpùrọ́ bó bá wù yín," ni Sàdíátù wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Adití kọ́ lọkọ mi."